Bí A Ti Ń Di Ọ̀bẹ Kékeré Mú Ṣinṣin Nígbà Tí A Bá Ń Fi Sáńpépà Dán An

Ìmọ̀ràn fún àwọn àgbẹ̀ tí ń lọ́ ọsàn àti àwọn igi eléso mìíràn

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ọ̀bẹ ti wù kí ó mú tó, kò lè gbẹ́ èèkù ara rẹ̀. Ẹlòmíràn ni yóò bá a tọ́jú ara rẹ̀. Nínú ìwé yìí, a fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ lórí ìtọ́jú ọ̀bẹ kan tí ó wà nínú àwọn tí ó kéré jù lọ nínú irinṣẹ́ àgbẹ̀, èyíinì ni ọ̀bẹ tí a fi ń lọ́ ojú ọsàn dídùn sára igi ọsàn mìíràn.

Kò sí àgbẹ̀ tí kò mọ bí a ti ń pọ́n àdá. Àdá tóbi, ó sì gùn. Ẹlòmíràn a fi ẹsẹ̀ tẹ èèkù rẹ̀ mọ́lẹ̀, a sì fi fáìlì yùn ún títí ojú rẹ̀ yóò fi mú. Ṣùgbọ́n ọ̀bẹ tí irin rẹ̀ kò ju ínṣì 2 tàbí 3 lọ kò ṣe é fi ẹsẹ̀ tẹ̀. Nígbà tí ó bá dógùn-ún, ìka ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń di irin rẹ̀ mú tí wọ́n fi ń fi sáńpépà ha á. Ìka náà ni ó sì ń gé. Ọ̀nà tí ó dára ju èyí lọ wà. Kò gba owó púpọ̀, ẹnikẹ́ni tí ó bá ní pákó kan àti rọ́bà inú táyà kẹ̀kẹ́ lè ṣe é nínú ilé rẹ̀.

ÌDÍ TÍ Ọ̀BẸ ÌLỌ́GI FI GBỌ́DỌ̀ DÁN

Ẹnìkan lè wí pé, “Bí ojú ọ̀bẹ bá ti mú, kí ni ìpáàrà ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ fẹ́ ṣe?” Ó fẹ́ ṣe nǹkan púpọ̀. Nígbà tí a bá ń lọ́ ọsàn, a ó la èèpo igi ìsàlẹ̀, a ó gbé e sókè díẹ̀, a ó sì ti ojú tí a bẹ́ láti ara ọsàn rere sábẹ́ rẹ̀. Láàrin èèpo àti igi ni awọ tútù kan wà tí ó tín-ín-rín púpọ̀. Awọ tútù ti igi ìsàlẹ̀ àti ti ojú tí a lọ́ sí i ni ó gbọ́dọ̀ fẹnu kan ara wọn, kí àwọn méjèèjì tó lè di igi kan ṣoṣo. Ọ̀bẹ tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ rí ságisági kì í gé igi gẹ́rẹ́. Ńṣe ni ó ń fa èèpo ya. Ojú ọgbẹ́ náà a gbẹ, ojú tí a lọ́ a sì kú.

Ọ̀rọ̀ àrùn tún wà níbẹ̀. Ìpáàrà a máa jẹ irin ní ihò wẹ́wẹ́, oje igi àti ìdọ̀tí a sì fara pamọ́ sínú àwọn ihò náà. Àrùn ọsàn kan wà tí a ń pè ní exocortis, tí ń mú kí èèpo ìdí àwọn irú ọsàn kan máa bó, tí kì í sì í jẹ́ kí igi dàgbà bí ó ti yẹ. Ọ̀bẹ lè gbé àrùn yìí láti ara igi kan dé ara èkejì. Igi tí ó ní i lè máa tutù yọ̀yọ̀ bí ẹni pé kò sí ohun tí ó ṣe é, tí àgbẹ̀ yóò sì máa gé ojú lára rẹ̀ kiri ọgbà. Bílíìṣì tí a fi ń fọ aṣọ funfun, ìwọ̀n 1 sínú omi ìwọ̀n 9, a máa pa àrùn yìí lójú ọ̀bẹ; ṣùgbọ́n ó rọrùn láti wẹ irin tí ó dán ju irin tí ó kún fún ihò lọ. Nítorí náà, kì í ṣe fún ẹwà ni a fi ń dán ọ̀bẹ ìlọ́gi.

OHUN TÍ OJÚ EMI FÚNRA MI RÍ

Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí, mo ní ọ̀bẹ ìlọ́gi kan tí mo fẹ́ràn púpọ̀. Mo fi í sínú àpótí ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn láì fi epo pa á. Nígbà tí òjò dé, tí èèpo àwọn ọ̀gbìn ọsàn sì ń ṣí dáradára, mo ṣí àpótí, mo sì rí i pé ìpáàrà ti bo ọ̀bẹ mi. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà gan-an, bàbá àgbẹ̀ kan ti gé ẹ̀ka fún mi láti ara ọsàn rẹ̀ tí ó dùn jù lọ, ó fi aṣọ tútù wé e, ó sì ń retí mi lọ́gbà.

Mo kánjú. Mo fi àtàǹpàkò àti ìka ọwọ́ òsì mi fún irin ọ̀bẹ náà mọ́ra, mo fi ọwọ́ ọ̀tún ká sáńpépà, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í ha á lọ ha á bọ̀. Kò pẹ́ tí ṣóńṣó ọ̀bẹ fi kọ́ sáńpépà. Ọ̀bẹ yí po lọ́wọ́ mi, ó sì gé ìka ìfábẹ̀lá mi jinlẹ̀jinlẹ̀. Wọ́n rán an ní ilé ìwòsàn. Odindi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni n kò fi lè di ojú ọsàn kan mú. Ẹ̀ka tí bàbá gé fún mi gbẹ, a sì dà á nù.

Bàbá náà kò bá mi wí. Ó wo ọwọ́ tí wọ́n fi aṣọ funfun dì, ó ní, “Ọmọ mi, ṣé o ti rí alágbẹ̀dẹ tí ń fi ọwọ́ lásán di irin mú rí?”

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Lóòótọ́, alágbẹ̀dẹ ní ẹ̀mú. Iná ni ó ń bẹ̀rù tí ó fi ń lò ó. Irin tútù tí ó mú kò ní iná lára, ṣùgbọ́n kò yẹ ní fífi ọwọ́ dì bákan náà. Ohun tí a ó ṣàlàyé nísàlẹ̀ yìí ni ẹ̀mú tiwa.

ÒFIN MẸ́TA TÍ A KÒ GBỌDỌ̀ GBÀGBÉ

Èkíní: Pákó ni kí ó di ọ̀bẹ mú, kì í ṣe ọwọ́. Èèkù ni a ó sì fi so ọ̀bẹ mọ́ pákó, a kò ní fi irin rẹ̀ so ó.

Èkejì: Irin ọ̀bẹ gbọ́dọ̀ sùn lé pákó láti ìdí dé ṣóńṣó. Irin tí ó bá yọ síta láìsí ohun tí ó gbé e dúró yóò máa tẹ̀, yóò máa gbọ̀n, yóò sì kọ́ sáńpépà ní ọjọ́ kan. Pákó náà sì gbọ́dọ̀ yọ kọjá ojú ọ̀bẹ àti ṣóńṣó rẹ̀, tí ó fi jẹ́ pé bí ọwọ́ bá yọ̀, igi ni yóò bá pàdé.

Ẹ̀kẹta: Láti ìdí irin lọ sí ṣóńṣó ni kí ọwọ́ máa lọ. Ẹ má ṣe ha ọ̀bẹ láti ẹ̀yìn rẹ̀ wá sí ojú rẹ̀, ẹ má sì ṣe fa sáńpépà padà sí ọ̀dọ̀ ara yín. Bí ẹ bá ti dé ṣóńṣó, ẹ gbé ọwọ́ sókè, kí ẹ tún padà bẹ̀rẹ̀ láti ìdí.

BÍ A TI Ń ṢE PÁKÓ ÌDỌ̀BẸMÚ

Ẹ wá pákó líle bí ìrókò, kí ó gùn tó ínṣì 12, kí ó fẹ̀ tó ínṣì 3, kí ó sì nípọn tó ínṣì 1. Ẹ fá ojú rẹ̀ kí ó tẹ́jú. Ẹ fi ọ̀bẹ lé àárín rẹ̀ gbọọrọ, kí ìdí èèkù wà ní etí pákó tí ó kọjú sí yín, kí ṣóńṣó sì kọjú sí iwájú. Ẹ fi pẹ́ńsù fa ìlà yí èèkù ká.

Ẹ̀yin yóò rí i pé èèkù nípọn ju irin lọ. Bí a bá kàn fi ọ̀bẹ lé orí pákó bẹ́ẹ̀, èèkù yóò gbé irin sókè, irin kò sì ní sùn. Nítorí náà, ẹ gbẹ́ ihò sínú ìlà tí ẹ fà, títí èèkù yóò fi wọlé tí irin yóò sì dùbúlẹ̀ lórí pákó. Ihò náà kò gbọdọ̀ fẹ̀ jù. Kí ó fún èèkù mọ́ra gẹ́gẹ́ bí àkọ̀ ti ń fún idà, nítorí ihò yìí ni kò ní jẹ́ kí ọ̀bẹ yí sí ọ̀tún tàbí sí òsì. Bí èèkù bá tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ gbẹ́ ihò kejì sí ẹ̀yìn pákó, èyí tí ẹ ó máa lò nígbà tí ẹ bá yí ọ̀bẹ padà. Bí àyè díẹ̀ bá ṣẹ́ kù lábẹ́ irin, ẹ ká awọ tàbí páálí tín-ín-rín sí i.

Lẹ́yìn èyí, ẹ kan pákó kékeré kan ní ìdábùú sí abẹ́ pákó ńlá náà, ní ibi tí ihò èèkù parí sí. Bí ẹ bá gbé pákó ka orí tábìlì, ìdábùú yìí yóò kọ́ etí tábìlì tí ó wà níwájú yín. Apá tí ó gbé èèkù yóò yọ síta sí ọ̀dọ̀ yín, apá tí ó gbé irin yóò sì wà lórí tábìlì. Níwọ̀n ìgbà tí ẹ bá ń ti ọwọ́ lọ sí iwájú, bí ẹ ti ń tì í ni ìdábùú yóò máa di etí tábìlì mú sí i. Ìdí nìyí tí òfin kẹta fi ṣe pàtàkì. Bí ẹ bá ní kílám̀pù, ẹ lè fi í di pákó mọ́ tábìlì pẹ̀lú.

Ó wá ku èèkù. Ẹ gé rọ́bà inú táyà kẹ̀kẹ́ sí ọ̀já tí ó fẹ̀ tó ínṣì 1, tí ó sì gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 2. Ẹ fà á le, kí ẹ fi wé èèkù àti pákó pọ̀ ní ìgbà márùn-ún tàbí mẹ́fà, kí ẹ sì ti ìdí rẹ̀ bọ abẹ́ ìwé tí ó kẹ́yìn. Ẹ wé ọ̀já kan sí apá iwájú èèkù, kí ẹ sì wé òmíràn sí apá ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹni tí ó so ọ̀kan ṣoṣo kò tíì so ó, nítorí ọ̀bẹ lè yí lórí ìdè kan bí ilẹ̀kùn ti ń yí. Ní ìkẹyìn, ẹ di èèkù mú, kí ẹ gbìyànjú láti mì ín. Bí ó bá mì, ẹ tú u, kí ẹ sì tún un so.

Bí ọ̀bẹ bá jẹ́ èyí tí a ń ká, ẹ ṣí i tán pátápátá, kí ẹ sì wo ìsopọ̀ rẹ̀. Bí irin bá ń yẹ̀ nínú èèkù, alágbẹ̀dẹ ni kí ẹ kọ́kọ́ gbé e fún. Bí ó bá sì jẹ́ pé èèkù ti kúrò lára ọ̀bẹ pátápátá, ẹ lè lo àwọn ihò tí ó wà ní ìdí irin náà: ẹ fi ìdè irin kékeré méjì dè é mọ́ pákó gba inú wọn.

BÍ A TI Ń DÁN ỌBẸ

1. Ẹ kọ́kọ́ sọ ojú ọ̀bẹ di kíkú. Ẹ gbé ojú rẹ̀ dúró lórí òkúta ìpọ́nbẹ, kí ẹ sì fà á ní ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì. Ó lè ya yín lẹ́nu, ṣùgbọ́n ọ̀bẹ tí a fẹ́ dán kò ní láti mú. Pípọ́n ni iṣẹ́ ìkẹyìn.

2. Ẹ fi aṣọ tí a rẹ sínú epo òyìnbó díẹ̀ nu oje igi kúrò. Ẹ ká aṣọ náà kí ó nípọn, kí ẹ sì máa nu láti ẹ̀yìn ọ̀bẹ. Kí iná tàbí sìgá má ṣe wà nítòsí.

3. Ẹ so ọ̀bẹ mọ́ pákó gẹ́gẹ́ bí a ti wí.

4. Ẹ má ṣe fi ìka lásán tẹ sáńpépà. Ẹ wé e mọ́ igi kékeré tí ó gùn tó ínṣì 3, tí ó sì nípọn tó ínṣì 1. Ẹ di igi náà mú láti òkè, kí ìka yín má ṣe sọ̀ kalẹ̀ kọjá ìdajì rẹ̀.

5. Ẹ lo sáńpépà dúdú tí a lè fi omi rẹ. Nọ́ńbà rẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀. Bí nọ́ńbà bá ti kéré tó ni ó ti há tó. Bí ìpáàrà bá jinlẹ̀, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí 120. Bí ó bá ṣe fẹ́rẹ́, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí 220. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ lo 400, kí ẹ sì fi 600 parí rẹ̀.

6. Ẹ máa fi omi díẹ̀ rẹ sáńpépà kí eruku irin má ṣe dí i. Nígbà tí ẹ bá pààrọ̀ nọ́ńbà, ẹ yí ipa ọwọ́ padà díẹ̀. Bí nọ́ńbà kan bá dà sí ọ̀tún, kí èyí tí ó tẹ̀lé e dà sí òsì. Báyìí ni ẹ ó fi rí àwọn ìlà tí nọ́ńbà àkọ́kọ́ fi sílẹ̀. Ẹ má ṣe kọjá sí òmíràn títí gbogbo wọn yóò fi parẹ́.

7. Ẹ pààrọ̀ sáńpépà tí ó ti kú. Ẹni tí ó bá ń ṣọ́ owó sáńpépà yóò máa fi agbára rọ́pò rẹ̀, agbára àpọ̀jù náà ni ó sì ń mú kí ọwọ́ yọ̀.

8. Bí ẹ̀gbẹ́ kan bá ti dán, ẹ tú ọ̀já, ẹ fi èèkù gbé ọ̀bẹ, ẹ yí i padà, kí ẹ sì so ó bí ti àkọ́kọ́. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó so ó dáradára ní ìgbà àkọ́kọ́ tí ó sì gé ara rẹ̀ ní ìgbà kejì, nítorí pé ó rò pé iṣẹ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí.

Bí ihò ìpáàrà kan bá jinlẹ̀ jù, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹni tí ó bá ní dandan ni kí ó tán, yóò ha irin náà títí yóò fi tín-ín-rín jù. Ẹ má sì ṣe gbé ọ̀bẹ ìlọ́gi lọ sí ibi ẹ̀rọ ìlọ̀rin tí ń yí gbiri láìsí omi. Ooru rẹ̀ yóò sọ irin di rírọ̀. Bí ẹ bá rí i tí etí irin di àwọ̀ aró, líle rẹ̀ ti lọ nìyẹn, ojú rẹ̀ kò sì ní í pẹ́ kí ó tó máa kú.

PÍPỌ́N ÀTI FÍFI PAMỌ́

Ẹ wo ojú ọ̀bẹ dáradára kí ẹ tó pọ́n ọn. Ọ̀pọ̀ ọ̀bẹ ìlọ́gi ni ó dà ní ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo, tí ẹ̀gbẹ́ kejì rẹ̀ sì tẹ́jú pẹrẹsẹ. Ẹ̀gbẹ́ tí ó dà ni kí ẹ pọ́n. Ẹ̀gbẹ́ tí ó tẹ́jú, ẹ kàn fi í pa òkúta lára fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́ kí irin tín-ín-rín tí ó ṣù sí etí lè já. Ẹ má ṣe fi àtàǹpàkò dán ojú rẹ̀ wò. Ẹ fi gé ẹ̀ka tútù kan ní ìdagun. Bí ojú ibi tí ẹ gé bá ń dán láìní ìlà, ọ̀bẹ yín ti tó lọ sí ọgbà.

Lẹ́yìn iṣẹ́, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ nù ún gbẹ, kí ẹ sì fi epo ẹ̀rọ díẹ̀ pa á. Bílíìṣì a máa jẹ irin, nítorí náà ẹ fi omi ṣan án kúrò lára ọ̀bẹ kí ẹ tó tọ́jú rẹ̀. Epo pupa kò dára fún iṣẹ́ yìí, nítorí pé ó máa ń kan bí ó bá pẹ́. Ẹni tí ó bá ń ṣe èyí lójoojúmọ́ kò ní í ní ohun púpọ̀ í fi sáńpépà ṣe.

BÍ Ọ̀BẸ BÁ GÉ NI

Ẹ fi aṣọ mímọ́ tẹ ojú ọgbẹ́ mọ́lẹ̀ gírígírí, kí ẹ sì gbé ọwọ́ sókè títí ẹ̀jẹ̀ yóò fi dá. Ẹ fi omi mímọ́ àti ọṣẹ fọ̀ ọ́. Ẹ má ṣe bu iyẹ̀pẹ̀, eérú tàbí ìgbẹ́ màlúù sí i. Kòkòrò tí ń fa àrùn ipá, èyí tí ń mú kí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ènìyàn dì pinpin, inú ilẹ̀ àti inú ìgbẹ́ ẹran ni ó ń gbé. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ìpáàrà ni ó ń fa àrùn náà. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀bẹ tí ó dán bí awò, tí erùpẹ̀ oko bá ti kàn án, lè gbé e wọ ara. Bí ọgbẹ́ bá jinlẹ̀, tàbí tí ẹ kò bá rántí ìgbà tí ẹ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ kẹ́yìn, ẹ lọ sí ilé ìwòsàn ní ọjọ́ náà gan-an.

Ẹ̀yin àgbẹ̀ wa, ìrọ̀lẹ́ kan ṣoṣo tó láti ṣe pákó tí a ṣàpèjúwe yìí, yóò sì wúlò fún yín fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹ ṣe é kí òjò tó dé, nígbà tí ọwọ́ dilẹ̀. Nígbà tí ọ̀gbìn ọsàn yín bá nípọn tó pẹ́ńsù, tí èèpo rẹ̀ sì ń ṣí, kò ní í dúró de ẹni tí ìka rẹ̀ wà nínú aṣọ funfun.